Ọjọ́ Tí Mo Pe Àlàájà Lórúkọ

Etí ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ máa ń rántí ìdìbò yẹn, nítorí òun ló jìyà rẹ̀ jù. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lẹ fóònù mọ́ ọn nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìkòsì, tí mò ń bẹ àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n jáde wá dìbò. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy Tísà, ló ń du ipò káńsẹ́lọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dù ú, ìbò tí wọ́n fi fìdí rẹmi kò tó iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan. Wọ́n ti sọ pé bí àwọn bá tún pàdánù, àwọn ò ní dù ú mọ́. Àwọn ló di ọwọ́ mi mú tí mo fi mọ ìwé kọ, mo sì fẹ́ràn wọn gan-an.

Uncle kan láti Magodo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá, ló kọ́ wa bí a ó ṣe máa pe èèyàn. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tí a ó máa kà sórí ìwé: kí onítọ̀hún, pe orúkọ rẹ̀ ní pípé kó o lè mọ̀ pé òun gan-an ni, bẹ̀ ẹ́ pé kó dìbò, pa fóònù, ká má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ nígbà náà, mo sì gbà pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sórí ìwé kò lè ṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú list orúkọ tí wọ́n fún wa, ó kan Àlàájà kan tó ń ta ata àti tòmátì lápẹ̀rẹ̀lápẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Mo kí wọn wéré, mo ní Mummy Tísà ló rán mi, mo sì pe orúkọ àbísọ wọn pẹ̀lú ti bàbá wọn ketekete, bí ẹni ń ka rẹ́jísítà. Mò ń gbọ́ ariwo àwọn alábàárù lẹ́yìn wọn, kí wọ́n tó fi igbe bò ó mọ́lẹ̀.

"Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé ìwọ lo sọ mí lórúkọ ni? Ọkọ mi gan-an ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí!"

"Ẹ má bínú, ma. Ó wà nínú script wa ni."

"Script! Sọ fún Tísà yín pé gbogbo line alátà, kò sẹ́ni tó máa vote!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi sì ti balẹ̀. Uncle ní kí n bọ́ sórí orúkọ tó kàn, pé ẹyọ ìbò kan ni. Wọn ò mọ̀ pé bí Àlàájà yẹn bá jókòó sílé, ọ̀pọ̀ obìnrin ni yóò bá wọn jókòó. Ẹ̀rù bà mí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Mile 12.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi tòmátì níwájú ìsọ̀ wọn, mo ní èmi ni mo pè wọ́n láàárọ̀. Àlàájà wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ni akọ̀wé tó sọ mí lórúkọ? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. O ò béèrè bí ọjà ṣe ń lọ, o ò béèrè ọmọ, orúkọ lo kọ́kọ́ jù mọ́ mi. Dìde, gbé list yẹn wá."

Wọ́n ní kí n máa ka orúkọ àwọn obìnrin ọjà tó kù fún wọn. Bí mo bá ka ọ̀kan, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń pe onítọ̀hún: "Ìyá Ìbejì nìyẹn, béèrè orúnkún ẹ̀. Ìyẹn, Àǹtí Alálùbọ́sà. Ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí i kú ewu." Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Kí wọ́n tó dìde lọ kírun alásárì, mo ti fa igi lé gbogbo orúkọ àbísọ inú ìwé náà. Láti ọjọ́ náà, ìpè kan ń gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú Uncle sì ń ru.

Mummy Tísà wọlé. Ìbò tí wọ́n fi borí náà kò tó ọmọ kíláàsì kan. Mo sáré lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà pé wọ́n forí jì mí, pé wọ́n jẹ́ kí àwọn alátà jáde. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò ní vote tẹ́lẹ̀? Tísà ló kọ́ gbogbo ọmọ mi! Ìwọ ni mo fẹ́ kọ́."

Gbogbo ẹ̀rù tó bà mí ní Ìkòsì, àṣé lásán ni! Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Títí di òní, wọn kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kan kọjá láì pè mí. Wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, bí nǹkan kan bá tiẹ̀ wà láti sọ. "Ìyá Mi Alátà" ni mo fi nọ́ńbà wọn pamọ́ sí. Mo ṣì mọ orúkọ tí mo kà lórí ìwé lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹ má retí kí n dá a níbí. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀kan láyé mi, ó sì ti tó mi.