Rẹgulétọ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí Ènìyàn Bẹ̀bẹ̀

Òórùn rọ́bà àti iyọ̀ òkun ló kún ìloro ilé wa ní Òkè Àdó lọ́sàn-án Sátidé ọjọ́ náà, òórùn tí kò bá àdúgbò wa mu rárá. Ìwọ náà mọ Ìbàdàn: òkè ni tiwa, òkun jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ létí èbúté ní Èkó ti kọ́ mi bí a ti ń gbé sìlíńdà atẹ́gùn pọ̀n kí a fi mòòkùn níbi tí omi kò ti jìn, láti ìgbà náà kò sì sí ohun mìíràn tó ń fi ọkàn mi balẹ̀. Àwọn ọdún tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú ni. Ẹsẹ̀ ni mo sábà máa ń fi rìn bọ̀ láti ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀, bí mo bá sì délé, n ó jókòó ti màámi tí ikọ́ fée ń dà láàmú, títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Àárẹ̀ ti di ẹ̀wù sí mi lọ́rùn nígbà náà.

Òyìnbó kan tó ń kó ẹrù padà sílùú rẹ̀ ló fi rẹgulétọ̀ méjì ta ọ̀rẹ́ mi lọ́rẹ, òun náà sì kó wọn wá bá mi pẹ̀lú sìlíńdà kan, ó ní kí n kọ́kọ́ mú èyí tó bá wù mí. Rẹgulétọ̀ ni ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu sìlíńdà, tí rọ́bà gígùn kan ti ara rẹ̀ wá sí ẹnu ẹni. Òun ló ń dín agbára atẹ́gùn náà kù, kí àyà ènìyàn lè gbà á. Bí màámi ṣe gbọ́ "rẹgulétọ̀" láti inú yàrá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, wọ́n ní ṣé a ti rí ti fáànù rà. Ti fáànù wọn ti bàjẹ́, bí kò bá sáré bí ìjì, kò ní yí rárá, oníná tí a ń retí kò sì yọjú. Nígbà tí wọ́n jáde tí wọ́n rí irin àti rọ́bà nílẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì wá.

Ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ ti àtijọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀rẹ́ mi ní òun lè tú u palẹ̀ kí òun sì tò ó padà fúnra òun. Èkejì díjú, ẹni tó lè tún un ṣe sì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. A ń pààrọ̀ wọn sórí sìlíńdà, a ń fi wọ́n mí, èmi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ti àtijọ́ ni mo fẹ́ mú. Ṣùgbọ́n kí ni mo tilẹ̀ ń yàn? Ojúlówó òkun la fẹ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí, màámi kò sì tíì gbà. "Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ" ni wọ́n fi dá mi lóhùn nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Mo fẹ́ lọ gan-an, ó ń jẹ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi kò ní kọjá ọ̀rọ̀ wọn.

Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n ní kí a fún àwọn náà kí àwọn fi mí wò. Àyà wọn ń súfèé lọ́jọ́ náà. Mo nu ẹnu ti àtijọ́, wọ́n ki í bọ ẹnu, wọ́n di ojú, wọ́n fà á. Ọ̀rẹ́ mi pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n fa èkejì, mo sì rí i tí èjìká wọn rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún béèrè ti àkọ́kọ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èyí ń mú kí n bẹ̀bẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n nawọ́ sí èkejì. "Ìyẹn kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo òṣùwọ̀n atẹ́gùn sìlíńdà náà. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni: bí sìlíńdà bá kún, ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbẹ, ti àtijọ́ a máa le fún àyà, èkejì kì í yí padà. Ó ní ẹni tí àyà rẹ̀ kò ní àìsàn kì í tètè fura lórí ilẹ̀, àfi tó bá dé ìsàlẹ̀ omi. Màámi bi í bóyá sìlíńdà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí a tó jáde nínú omi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wá tẹjú mọ́ mi pẹ́.

"Mú èyí tí kò ní jẹ́ kí o bẹ̀bẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí o sì padà wá bá mi."

Báyìí ni mo ṣe gba ìyọ̀ǹda. Mo lọ, mo rí ìsàlẹ̀ òkun tó rí bí ìrọ̀lẹ́ tí kò fẹ́ ṣú, kò sí ẹni tó ń pè mí, kò sí ibi tí mo ń rìn lọ. Nígbà tí atẹ́gùn ń tán lọ, mímí mi kò yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rántí èjìká màámi tó rọ̀ wálẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún, èmi kì í lọ sókun mọ́. Bódìjà la ti ń gbé nígbà tí àìsàn ìkẹyìn màámi dé, ó sì rẹ̀ mí ju ti àwọn ọdún àìsí epo lọ. Wọn a ní kí n gbé àwọn jókòó, kí n tún tẹ́ àwọn dùbúlẹ̀, kí n bu omi wá, kí n gbé e kúrò. Ìgbà mìíràn wà tí sùúrù mi tán, tí n kò rí nǹkan kan mọ́ nínú sìlíńdà tèmi. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìloro Òkè Àdó yóò sọ sí mi lọ́kàn, mo sì máa ń dìde kí wọ́n tó pè lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí sìlíńdà bá kún, ta ni kò lè ṣe dáadáa? Ìgbà tó bá ń gbẹ la ń mọ ẹni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé wọn jókòó tán, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu wọn mọ́, àfi kí n sún mọ́ wọn kí n tó gbọ́.

"O ò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo jókòó tì wọ́n létí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ̀ mí dé egungun, wọ́n sì mọ̀ pé ó rẹ̀ mí.