Gàrí Ìjẹ̀bú Dé Ìlú Etí Ogun

Orí ìkòkò la ti ṣe ìpàdé náà. Alhájì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ìkòkò nínú ọjà ní Garki, Abuja, kò ní àga tó lè gba gbogbo wa, ló bá da àwọn ìkòkò ńlá dojú dé, ó ní kí oníkálukú wá tirẹ̀ jókòó lé. Màdáámù Alága mú èyí tó tóbi jù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, igbákejì olùdarí ni wọ́n ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọn kì í sì í jókòó síbi tí wọn ò bá ti ní ìwé ètò ìpàdé lọ́wọ́. Akọ̀wé wa, ọkùnrin kan láti Kàbà, jókòó sórí ìkòkò ọbẹ̀, ó ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sílẹ̀, títí kan ìgbà tí Alága húkọ́. Oníròyìn ni èmi. Ìròyìn ni mo wá kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi mí ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ kí n tó yọ bíírò.

Oúnjẹ ló kó wa jọ. Nǹkan bí ọdún 2016 ni. Àwọn sójà ti gba àwọn ìlú kan padà ní Borno, àwọn ará ìlú sì ti ń padà sílé, ṣùgbọ́n wọn ò lè lọ sóko, nítorí ẹ̀yìn oko gan-an ni ogun wà. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá, oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí pọ̀, fẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà.

Maitama, àdúgbò àwọn olówó, ni ọrẹ ti kọ́kọ́ wá. Ilé kan fún wa ní ìrẹsì, wọ́n sì fi páálí tíì kan lé e lórí. Akọ̀wé ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà sókè: tíì tó ń jẹ́ kí ènìyàn fọn ni.

“Ṣé ká kó o lọ?” Alága bèèrè. “Ọrẹ ṣáà ni.”

Alhájì ní, “Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, Màdáámù. Ogun ti bá wọn ṣe ìyẹn.”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gàrí ló pẹ́ jù. Alhájì ní àgbàdo, ọkà bàbà àti òróró ẹ̀pà ni kí a rà, pé ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Alága ní ó yẹ kí á fi nǹkan tiwa kún un.

“Gàrí Ìjẹ̀bú,” wọ́n ní. “Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ igi, omi tútù ti tó o. Oúnjẹ wo ló tún bá ogun mu jù ú lọ?”

Wọ́n dá a lábàá, wọ́n kín in lẹ́yìn, gàrí Ìjẹ̀bú wọ inú ètò. Kí a tó túká, Alága kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ àánú jẹ́ iṣẹ́ ara rẹ̀. Ìyẹn náà wọ ìwé.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Alhájì dá mi dúró láàárín àwọn ìkòkò.

“Ọ̀gá oníròyìn,” ó ní, “ìyá mi wà ní ìlú yẹn.”

Bàbá rẹ̀ ló mú ìyá náà kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ wọn sí. Nígbà tí ogun dé, wọ́n sá lọ sí Maiduguri. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ó rọlẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n bá padà. Alhájì ti gba ilé sí Lokogoma ní Abuja, ó ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí i.

“Ọdún méjì ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù ò lè gbé ìyá ẹni sínú ọkọ̀. Mò ń lọ mú wọn bọ̀ ni.”

“Ṣé Alága mọ̀?”

“Ẹ ò gbọ́ ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe ni?”

Bọ́ọ̀sì Alhájì la fi lọ, lọ́rì oúnjẹ ń tẹ̀lé wa. Ó ti yọ àga púpọ̀ kúrò kó lè rí àyè kó páálí sí. Àga mẹ́rin péré ló kù, pẹ̀lú èyí tó fi ń wakọ̀. Ó wá fi okùn di ọ̀kan pa, èyí tó dára jù, lẹ́bàá fèrèsé, ó ní ó ti ṣẹ́. Alága jókòó sórí ọ̀kan. Èmi àti Akọ̀wé pín èyí tó kù, láti Abuja, gba Jọ́ọ̀s àti Bauchi, títí wọ Borno. Akọ̀wé sanra. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àga fèrèsé yẹn kò ṣẹ́, èmi sì ni ìdí ń ro jù.

Ọjọ́ kẹta la dé ẹnu ibodè ìlú náà. Sójà kan yẹ ẹrù wa wò, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Aago méjì, kí ọkọ̀ yín ti jáde. Lẹ́yìn aago méjì, mi ò mọ̀ yín rí.” Aago mẹ́wàá ti kọjá nígbà náà.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń dúró dè wá. Màmá kékeré kan tó fi ìbòrí dúdú borí jáde sí wa. Wọ́n mú ọ̀pá dání, ṣùgbọ́n wọn ò fi rìn. Wọ́n fi ń tọ́ka sí ènìyàn ni. Alhájì bẹ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn.

“Dìde, ọkọ mi,” màmá ní. “Ẹrù wà nílẹ̀ tí a fẹ́ pín, o wá ń sùn.”

“Ìyá yín rèé?” Alága kígbe. “Ẹ ò sọ!”

“Ẹ ò bèèrè ni, Màdáámù.”

Alhájì fà mọ́ ìyá rẹ̀, ó ní ní ohùn ìsàlẹ̀, “Ìyá, ẹ lọ di ẹrù yín. Aago méjì la ń lọ.”

“Ẹrù wo?”

“A ti jọ sọ ọ́ lórí fóònù.”

“Ṣé orí fóònù la ti ń sọ̀rọ̀ gidi ni? Jẹ́ ká pín nǹkan ná.”

A ò tíì sọ àpò kẹta kalẹ̀ nígbà tí nǹkan dún gbì, gbì, gbì lápá ìlà-oòrùn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lábẹ́ lọ́rì. Alága ti ṣáájú mi débẹ̀. Akọ̀wé wọlé lẹ́yìn, ó fi ìwé ìpàdé borí.

Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú sí wa. “Kí lẹ ń wá lábẹ́ ibẹ̀?”

“Ìbọn ni, Màmá!”

“Tiwa nìyẹn. Àwọn sójà ń dán an wò ni. Ti àwọn ọ̀tá kì í dún báyẹn, tiwọn a máa hu bí ajá.” Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí aṣọ Alága. “Ẹ jáde, òróró ń kán sí yín lára.”

Òótọ́ ni. Aṣọ Alága ti rin fún òróró ẹ̀pà.

Gàrí ló wá kàn. Obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á bu díẹ̀ sẹ́nu, ó tu ú sílẹ̀. “*Ya yi tsami*,” ó ní.

“Kí ló sọ?” Alága bèèrè.

“Ó ní ó ti kan,” Alhájì dáhùn.

“Bẹ́ẹ̀ ni!” Inú Alága dùn. “Ẹ bá mi sọ fún un pé ó kan dáadáa. Ẹ ní ọjọ́ púpọ̀ la fi í sílẹ̀ nínú àpò kí a tó yan án!”

Alhájì tú u sí Hausa bó ṣe wà. Ìyẹn ló da nǹkan rú. Kùn-ùn-kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, àwọn tó ti gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà. Bàbá arúgbó kan sọ̀rọ̀ sókè, Alhájì ò sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ àfi ìgbà tí mo fúngun mọ́ ọn: “Ó ní àwọn ará Abuja kó oúnjẹ tó ti bàjẹ́ wá fún àwọn, wọ́n tún ń fi yangàn.”

Màmá fi ọ̀pá gbá àpò gàrí. “Ta ló ra èyí?”

Akọ̀wé ló dáhùn. “A dá a lábàá ni, Màmá. Wọ́n sì kín in lẹ́yìn.”

“Ẹni tó dá a lábàá kó wá mu ún.”

Màmá ní kí wọ́n gbé abọ́ omi wá. Alága wo abọ́ náà, wọ́n wo ogunlọ́gọ̀ tó yí wa ká.

“Màmá, n kì í jẹun níta.”

“Àwọn náà kì í jẹ nǹkan kíkan.”

Igbákejì olùdarí bọ́ awò ojú wọn, wọ́n jókòó sórí àpò, wọ́n da gàrí sómi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bù ú mu, nítorí kò sí ṣíbí. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká kó lè ríran dáadáa. Bàbá arúgbó yẹn súnmọ́ wa, ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan, màmá sì fi ọwọ́ dá a dúró.

“Ó ní báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó pa ènìyàn,” Alhájì sọ fún mi létí.

Alága mu ún dé ìsàlẹ̀ abọ́. Wọ́n nu ẹnu. Wọ́n gbójú sókè. “Ṣé wọn ò ní ẹ̀pà níbí ni?”

Alhájì túmọ̀ ìyẹn, gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi kúlíkúlí ránṣẹ́. Màmá sọ̀rọ̀ fún wọn ní Hausa, wọ́n tún un sọ ní Kánúrí fún àwọn àgbàlagbà: pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílùú tiwọn nìyẹn, kíkan yẹn gan-an ló ń bá wọn lé ebi. Obìnrin tó tutọ́ lẹ́ẹ̀kan fi kúlíkúlí tọ́ ọ wò. “*Kai*,” ó ní, ó sì nawọ́ gba àpò rẹ̀ padà.

Láti ìgbà náà, màmá ló gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwé orúkọ tí Akọ̀wé tẹ̀ wá láti Abuja, orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó lé. Wọ́n mọ ilé tí opó wà, wọ́n mọ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì mọ olè. Mo rí i tí wọ́n fi ọ̀pá dá obìnrin kan dúró, Alhájì ń túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín: “Ìwọ, o ti gba tìrẹ. Ìbòrí lo pààrọ̀, o ò pààrọ̀ ẹsẹ̀.”

Aago kan kọjá díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tán. Alhájì tún lọ bá ìyá rẹ̀. “Ìyá, àkókò ń lọ.”

Màmá wo òréré ilé wọn pẹ́. “Aṣọ mélòó ni mo tilẹ̀ ní?” wọ́n ní.

Alhájì sáré wá bá mi, ojú rẹ̀ ń dán. “Wọ́n ń bá wa lọ!” ó ní. “Ẹ ò gbọ́? Wọ́n ti ń ka aṣọ!”

Ìgbà yẹn ni Alága pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní a ò lè kúrò níbẹ̀ láìṣe ìpàdé ìkádìí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ sójà, wọ́n wá yíjú sí màmá.

“Mo dá a lábàá pé, láti òní lọ, Màmá ni alábòójútó ẹgbẹ́ wa ní ìlú yìí. Ẹnu wọn la ó máa gbọ́, ọwọ́ wọn la ó máa kó ẹrù lé. Ta ló kín in lẹ́yìn?”

Akọ̀wé ń kọ̀wé. Èmi bẹ̀rẹ̀, mo ń tún okùn bàtà mi so, bàtà tí kò lókùn.

Mo ti lọ síbi púpọ̀ tí wọ́n ti yan ènìyàn sípò ní Abuja, èmi ò rí ojú tó mọ́lẹ̀ tó ti màmá yẹn rí. Wọ́n na ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n kọjú sí ọmọ wọn.

“Alhájì,” wọ́n ní, “wọ́n ń bèèrè nǹkan. O ò gbọ́ ni?”

Alhájì wo bọ́ọ̀sì. Ó wo àwọn obìnrin tó ti ń to ara wọn sẹ́yìn màmá bí ẹni pé ìpín mìíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

“Mo kín in lẹ́yìn,” ó ní.

Ó tú okùn ara àga fèrèsé, ó ní kí Akọ̀wé bọ́ síbẹ̀. Akọ̀wé jókòó, ó fò sókè díẹ̀, ó tún jókòó.

“Alhájì, àga yìí ò ṣẹ́ o!”

Alága wo àga náà. Wọ́n wo Alhájì, wọ́n wo màmá tó ń juwọ́ sí wa lẹ́yìn. A ti kọjá ibodè sójà kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ̀ àánú jẹ́ iṣẹ́ ara rẹ̀.”

“Èmi? Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó wà nínú ìwé ìpàdé,” Akọ̀wé ní.

“Ìwọ, panu mọ́! Alhájì, ẹ yí ọkọ̀ padà. Mo lè fa àbá yẹn yọ.”

“Aago méjì ti lù, Màdáámù.” Ó ń wo iwájú. “Ẹ ò sì rí ojú ìyá mi ni?”

Alága yọ aṣọ ìnujú, wọ́n nu òróró tí kò sí lójú wọn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù Alhájì ní Garki nígbà tí màmá pè. Alhájì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́, ó fa ìdì páálí kan ya, ó ń kọ̀wé sí i. Àgbàdo. Ọkà bàbà. Ẹja gbígbẹ, èyí tí kò níyanrìn. Oògùn ikọ́ ọmọdé.

“Gàrí yẹn ńkọ́, Ìyá?”

“Má kó o wá mọ́.” Ohùn ọmọdé ta sókè lẹ́yìn wọn. “Kó àpò mẹ́ta. Àwọn ọmọdé ń bèèrè rẹ̀.”

“Màá ní kí lọ́rì gbé e wá.”

“Lọ́rì ò mọ ilé mi. Ṣé èmi kọ́ ni alábòójútó? Ìwọ ni mo fẹ́ kó máa kó o wá, lóṣooṣù.”

Alhájì wò mí. Láti ọjọ́ tí a ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kó rẹ́rìn-ín. “Oṣooṣù, Ìyá? Ọ̀nà jìn o.”

“Èmi kọ́ ni mo kín in lẹ́yìn,” màmá ní. “Ọjọ́ wo lo ń bọ̀?”

“Ọjọ́bọ̀.”

“Tètè dé. Mo fẹ́ se nǹkan fún ẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìpín.”