Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Dọ̀bálẹ̀ Lórí Yìnyín

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí Káyọ̀ àbúrò mi kọ́kọ́ ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan ní Houston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀. Aṣọ́lé tó ń mú góòlù ni Káyọ̀ tẹ́lẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá pàdánù, kí Káyọ̀ máa lọ sílé.

Góòlù mẹ́ta wọlé wa wéré. Mo sáré láti àárín èrò lọ bá a.

"Káyọ̀, yọ bàbá òyìnbó tó ń ṣọ́lé yẹn!"

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ṣé kí n lé àgbà jáde lójú èrò ni?"

"Ṣé àgbà ló máa bá ẹ wá iṣẹ́ lọ́la? Olóríkunkun!"

Góòlù kẹrin wọlé. Ni Káyọ̀ bá bọ́ sórí yìnyín tòun ti kóòtù àti táì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú òyìnbó náà, ó ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ sinmi díẹ̀." Bàbá aṣọ́lé náà rò pé Káyọ̀ dákú ni, ló bá gbé e jáde fúnra rẹ̀. Aṣọ́lé kejì bọ́ sípò, a gbá márùn-ún wọlé wọn, a sì fi góòlù kan borí.

Èmi ni mo fi ìbínú ṣàlàyé fún àwọn eléré wa tó ń fi í rẹ́rìn-ín pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni nìyẹn.

Nígbà tí Káyọ̀ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹgbẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ dè é lórí yìnyín, bàbá aṣọ́lé ló ṣíwájú. Káyọ̀ ní àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Lòun náà bá tún dọ̀bálẹ̀.