Wolímọ̀ Tí A Ṣe Létí Púùlù

Òórùn kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú púùlù tí àwọn ará apátímẹ́ǹtì wa ti ń lúwẹ̀ẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo jí láàárọ̀ Sátidé náà. Kò pẹ́ tí òórùn mósà tí ìyá mi ń dín ní kíṣìnnì fi bò ó mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ Houston ti ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí a kò fún gbẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ọjọ́ wolímọ̀ mi sì ni, ọjọ́ tí ọmọ tó ti ka Kùránì tán máa ń jókòó láàárín èrò kí ó kà á sétí gbogbo wọn. Ẹ̀bá púùlù la ti fẹ́ ṣe é, nítorí ọkùnrin kan sọ pé kò gbọdọ̀ wáyé ní mọ́ṣáláṣí. Mi ò ní bo orúkọ rẹ̀. Gàníyù ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti wà ní Houston nígbà náà, ẹ ó rántí pé àwa Mùsùlùmí kò pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá wà, tí wọ́n wá kọ́ nípa epo rọ̀bì. Àwọn dókítà ará Pakísítánì wà, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì òbí wọn wá gba ẹ̀sìn. Ní ti àwa Yorùbá, yàrá ìgbàlejò kan lè gba gbogbo wa. Àwọn Yorùbá yòókù tí a ń bá pàdé ní ilé ìtajà a ti pè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn kí a tó dárúkọ, bí a bá sì dárúkọ tán, wọ́n á tún pè wá. Mọ́ṣáláṣí wa jẹ́ ilé onígi kan tí àwọn dókítà rà, tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń run kọ́rì. Èjìká kan èjìká la ń kírun, ṣùgbọ́n bí a bá ti sálámà tán, oníkálùkù a wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ lọ.

Bàbá mi, tó wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ti kéwú ní Ìwó kó tó mọ A, B, D. Òun ló kọ́ mi. Kò rí wàláà rà, ló bá ra pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹran, ó ń fi tàdáwà kọ háráfí sí i. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí àwọn ọmọ yòókù ń bẹ́ gbàù sínú omi lábẹ́ fèrèsé wa, orí ẹní ni mo máa ń wà, tí mò ń ké bí ọmọ ilé kéwú. Ìyá mi a máa sọ pé, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́ wọn."

Ọmọ ìlú kan náà ni Gàníyù àti bàbá mi. Bùrọ̀dá là ń pè é. Òun nìkan ni Yorùbá tó wà nínú kọmítì mọ́ṣáláṣí, ipò yẹn sì ti yí ohùn rẹ̀ padà. Tó bá kí wa, ẹni tí wọ́n bí sí Mẹ́kà ni yóò máa dún bí. Ó wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó jẹ ìrẹsì àwo méjì, ó nu ẹnu, ó wá ní:

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ò fẹ́ wolímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí o. Àṣà Yorùbá ni wọ́n kà á sí."

Ìyá mi ló bi í pé, "Àwọn wo, ọkọ mi?" Bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ẹbí ọkọ ló ń pè é.

"Kọmítì."

"Gbogbo wọn pátá?"

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe. Àwọn èèyàn yìí ti ń wò wá bí aláìmọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ká tún wá gbé ọmọ jókòó, ká máa kọrin, ká máa náwó? Ojú á tì wá."

"Ojú tó ń tì yín yìí, kò mà dí yín lọ́wọ́ ìrẹsì."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Lójú mi, Kùránì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu mi, mi ò tíì kà á tán. Mo sunkún títí ìyá mi fi wá fi etí ìró rẹ̀ nù mí lójú. Ó ní, "Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ." Lọ́jọ́ kejì ló lọ bá òyìnbó obìnrin tó ń bójú tó apátímẹ́ǹtì pé kí ó yá wa ní ẹ̀bá púùlù. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà béèrè, bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa yóò kó sómi pẹ̀lú agbádá.

Sístà Hàlímà ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ náà, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó rán aṣọ funfun mi. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ti dìde kàwé lọ́jọ́ Àjíǹde níwájú gbogbo ìjọ. "Má wo ojú wọn," ló wí. "Iwájú orí wọn ni kó o máa wò."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gàníyù dé, ó bọ́ sídìí mósà. Anti Násírà tẹ̀ lé e, ará Pakísítánì tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ alága kọmítì. Páálí àkàrà òyìnbó aládùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo omi, ó wo ẹní tí a tẹ́, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe é níta? Inú mọ́ṣáláṣí la ti ṣe ti ọmọ mi. Àmín là ń pe tiwa. Ṣé ẹ ò fẹ́ wá níbẹ̀ ni?"

Gbogbo wa yíjú sí Gàníyù. Mósà wà ní ẹnu rẹ̀.

"Ọkọ mi," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́, "àwọn wo lẹ ní wọ́n kọ̀?"

Ó gbé mósà mì. "Mi ò tíì bi wọ́n. Mo rò pé wọ́n á kọ̀ ni."

Kò bi ẹnì kankan. Títí dòní, irú àṣìṣe tí àwa èèyàn yìí ń ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lé wa, àwa la ti sá jìnnà. Ó dìde, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo kàwé. Mo ka Fátíà, mo bọ́ sí Bákárà, iwájú orí wọn ni mo ń wò. Àwọn ọmọ òyìnbó tó wà nínú omi dúró jẹ́ẹ́, wọ́n fi ìgúnpá lé etí púùlù. Nígbà tí mo ṣe tán, Anti Násírà ń nu ojú, bàbá mi sì ń wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rí tirẹ̀. Mo bu ìrẹsì sínú àwo, mo fi ẹran tó tóbi jù lé e, mo gbé e lọ bá Gàníyù nínú ọkọ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ jẹun." Ó gbà á, kò lè wò mí.

Àwọn Yorùbá tó wá lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè ní pálọ̀ wa. Ìyá mi ló ń se oúnjẹ, òun ló ń tẹ́ ẹní. Láti inú àsàlátù yẹn la ti kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà lẹ́bàá fíríwéè lónìí, tí àwọn èèyàn ń wà ọkọ̀ láti Katy àti Pearland wá sí. Gàníyù sì ni Bàbá Àdínní ibẹ̀. Ọdọọdún ló ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí yóò máa sọ ìtàn bí òun ṣe dá a sílẹ̀. Kò dárúkọ ìyá mi rí. Mo ti kọ ọ́ síhìn-ín báyìí, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kí ó jiyàn.

Ara mi le, ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ṣe wolímọ̀ lóṣù tó kọjá nínú mọ́ṣáláṣí náà, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè àṣà. Gàníyù jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ gbé àwo fún mi pé, "Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún Bàbá." Mo ní kí ó gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn dárí jì í kí ìrẹsì tó tutù. Ó lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, èmi ò tíì ṣe tán.