Bọ́ọ̀lù Irin Ìdí Ọkọ̀ Brodie

Ní ìlú Gympie, wọ́n máa ń sọ pé Noelene Tranter kì í bínú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé níbẹ̀, kò jágbe mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, kò gbá ajá ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò bá a dé etíkun rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni inú ti ń bí obìnrin náà. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń da eérú bo ẹyin iná kó lè di àárọ̀.

Ọdọọdún, nígbà Àjíǹde, ni ìdílé Tranter máa ń lọ pàgọ́ sí etíkun Teewah. Níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo awakọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ ti táyà rẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, tí á tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ títí táyà á fi rọ̀. Táyà tó rọ̀ á tẹ́ sórí iyanrìn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí. Èyí tó le á gbẹ́ sàréè ara rẹ̀. Karlene, ọmọ kan ṣoṣo tí Noelene bí, ti mọ èyí kó tó mọ ìwé kà.

Brodie, ọkọ Karlene, kò kúnlẹ̀ lọ́dún yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù tuntun, ó to iná mẹ́fà sí iwájú rẹ̀, ó gbé àgọ́ lé e lórí.

"Noels, ẹ tú tiyín," ó wí fún ìyá ìyàwó rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Tiyín ló ti darúgbó. Táyà òde òní nìyí, kò nílò ìyẹn."

"Iyanrìn ò mọ òde òní, Brodie."

Karlene dá sí i. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí Brodie ṣíwájú lọ́dún yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni yín o, ẹ kì í ṣe ọmọ ogún."

Noelene ló máa ń ṣíwájú láti ìgbà tí Karlene ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ó wo Des, ọkọ rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, bóyá ó ní ohun tí yóò sọ. Des ń wo òkun. Bí Des ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá ti le: ó máa ń rí nǹkan wò níta.

Kò tíì tó ìdajì wákàtí tí wọ́n wọ etíkun tí jíìpù Brodie fi rì dé ikùn. Iwájú wọ inú iyanrìn, ẹ̀yìn náà wọ̀ ọ́. Àwọn ọkùnrin kan kọjá nínú ọkọ̀ tiwọn, bíà lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbìn ín ni?" ọ̀kan kígbe. "Ẹ bomi rin ín o, á hù!"

Omi ò sì jìnnà. Òkun ti yíjú padà, ó ti ń gòkè bọ̀. Etíkun yẹn ń gbé ọkọ̀ mì lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni kì í ṣàánú ẹni tó ni ín. Noelene mú igi kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ rì í mọ́ ibi tí omi dé, kó lè mọ bó ṣe ń yára tó. Ó dúró díẹ̀. Omi kọjá igi náà. Ó yí padà láti lọ gbé ṣọ́bìrì.

Ohun tó rí dá a dúró. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá sẹ́yìn ti Brodie, imú rẹ̀ kọjú sí ìdí jíìpù náà. Des ló wà nídìí ọkọ̀. Tahlia, ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó máa ń pè wọ́n ní Nana àti Pop, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Okùn pẹlẹbẹ tó máa ń fà bíi rọ́bà ló so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀. Orí kan wà lára húùkù iwájú ọkọ̀ Noelene. Orí kejì wà lọ́rùn bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí jíìpù Brodie, èyí tí wọ́n fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré. Des ti fẹ́ tẹ iná kó fi ẹ̀yìn fà á.

Obìnrin náà sáré. Ó já ilẹ̀kùn ṣí, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

"Tahlia, sọ̀ kalẹ̀. Lọ dúró ti mọ́mì ẹ lórí òkè iyanrìn."

"Nana, ṣebí Pop ní kí n—"

"Mo ní sọ̀ kalẹ̀!"

Ọmọ náà ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ.

Brodie ti dé. "Kí lẹ ń ṣe? Òkun ń bọ̀!"

"Èmi ni mo lọ wò ó. Kí lo so okùn yẹn mọ́?"

"Bọ́ọ̀lù ni. Húùkù tèmi ti wọ inú iyanrìn. Ká tó wà á jáde, ilẹ̀ á ti ṣú."

"Wà á."

"Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá, Noelene. Ṣé ẹ fẹ́ kí omi gbé ọkọ̀ mi lọ ni?"

"Kó gbé e. Ó kúkú dọ̀tí, òkun á bá ẹ fọ̀ ọ́."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!" Karlene ń kígbe láti orí òkè iyanrìn.

Brodie rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Mo mọ ohun tó ń dà yín láàmú. Ọ̀rọ̀ Col ni. Ṣùgbọ́n okùn Col ti gbó, òun fúnra ẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n so. Des ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi. Tuntun ni okùn tèmi."

Àbúrò Noelene ni Col. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó kú lórí iyanrìn kan náà. Bí ìdílé ṣe ń sọ ìtàn náà ni pé òun ló so okùn, okùn já, ó bà á. Des ló kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Òkú kì í jiyàn. Noelene wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú Karlene ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí ọwọ́ tó so okùn. Ó dákẹ́ nítorí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ náà ti dàgbà báyìí, ó ti ń kọ́ ẹlòmíì ní iṣẹ́.

"Des," ó wí. "Ta ló so okùn náà?"

Des ń wo òkun.

"Wò mí nígbà tí mo bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀! Ta ló so ó? Èmi kọ́ ni mo máa sọ ọ́. Tó ò bá sọ ọ́, kí omi gbé ọkọ̀ yìí, kó gbé tèmi náà. Mi ò ní gbé kọ́kọ́rọ́ yìí sílẹ̀."

Omi ti ń tàn dé ẹsẹ̀ wọn. Des gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì ọkọ̀, ó wo ọwọ́ náà.

"Èmi ni," ó wí. "Col ní ká wa húùkù jáde. Mo ní kò sáyè. Ibi tí mo jókòó sí yìí ni Col jókòó. Okùn ò já. Bọ́ọ̀lù ló kán kúrò, ó la gíláàsì wọlé bá a."

Brodie wo gíláàsì iwájú ọkọ̀ náà. Ó wo àga tí Tahlia ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Karlene ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. "Dádì, ṣebí ẹ sọ fún wa pé—"

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

Ẹni tó bá rò pé inú Noelene rọ̀ níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Ilé ti jó tán kí wọ́n tó gbé omi dé. Inú bí i sí Des, inú sì bí i sí obìnrin tó rí i tó pa ẹnu mọ́, ìyẹn òun fúnra rẹ̀.

"Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ọkọ̀," ó wí. "Brodie, kúnlẹ̀."

Brodie kúnlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń tú jáde nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Des àti Karlene ń wa iyanrìn, ìgbì ń da apá kan rẹ̀ padà. Omi kan táyà ẹ̀yìn. Noelene fúnra rẹ̀ ló wọ jíìpù náà, ó rọra tẹ iná, ó sì wà á jáde gòkè. Kò sí okùn tó fà á. Táyà rírọ̀ lásán ni, ohun tó ti sọ kí wọ́n tó wọ etíkun.

Lórí ilẹ̀ líle, Des mú sípánà, ó tú bọ́ọ̀lù irin náà, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Noelene ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Tahlia.

"Gbé e."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, apá rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ó wúwo, Nana."

"Irú rẹ̀ ló pa Col. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé okùn ni, irọ́ ló ń pa. Ì báà jẹ́ Pop. Ì báà jẹ́ èmi."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ṣíwájú gbogbo wọn. Kò dúró kí Des ti ilẹ̀kùn tán kó tó gbéra.