Ìwé àwòrán tí mo ní mo ti dáná sun

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Ṣadé ọmọ mi nígbà tí mo gba ìwé tó ń yàwòrán sí. Mo ní mo ti dáná sun ún.

Irọ́ ni mo pa.

Lónìí, àwọn olólùfẹ́ ìwé alàwòrán fún àwọn ayàwòrán lẹ́bùn ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi ni mo yọ̀ǹda láti fi fóònù gbé e jáde lójú ẹsẹ̀ fún àwọn tó wà nílé.

Mo ń pariwo, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ yìí!"

Ni ọ̀rọ̀ Ṣadé bá yọ lójú fóònù, láti Igbara-Odò:

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ wá ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Bí wọ́n ti parí, mo yọ ìwé náà nínú àpótí, mo wọ takisí lọ bá a.

"Bàbá, ọwọ́ mi ò mọ àwòrán yà mọ́."

Mo ṣáà gbé e lé e lọ́wọ́.

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.