Ìkíni Tí Pọ́ńpù Gbé Mì

Bí mo bá délé ní Ìkìrun, wọ́n á ní èmi ni mò ń wa epo rọ̀bì fún gbogbo Nàìjíríà. Mi ò wa nǹkan kan. Pọ́ńpù ni mò ń ṣọ́. Ibùdó epo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dúró lórí òpó irin láàárín omi, ní ìhà Molutehin létí òkun. Òróró gbígbóná kan ni pọ́ńpù náà ń gbé yípo nínú páìpù, kí epo rọ̀bì lè móoru, kí omi inú rẹ̀ sì lè yà kúrò. Omi híhó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró yẹn. Bó bá jò pẹ́nrẹ́n tó sì bá atẹ́gùn pàdé, iná ni. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kì í gbójú kúrò lára gééjì, kì í sì í bọ́ ìbotí, torí ariwo ẹ̀rọ náà lè sọ èèyàn di adití.

Àwa mélòó kan la wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá tútù, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, làwọn yòókù máa ń wà, wọ́n á máa sọ èdè tiwọn. Èmi nìkan ni mo wà níta lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Kí n má purọ́, mo dá wà, ó sì ń dùn mí wọra. Ohun tó tún wá ń bí mi nínú ni àwọn ará ibẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wa ọkọ̀ kọjá níwájú mi, ẹni tó ń lọ wo ìgèrè tó fi ń mú ẹja, ẹni tó ń gbé edé lọ sọ́jà, kò sì sí ẹni tó ń kí mi. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ wà, nígbà tí n óò bá fi gbójú sókè, yóò kàn máa wò mí ni, yóò sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ní tiwa, ẹni tí a kò bá jà, a máa ń kí i. Mo ní irú èèyàn wo rèé? Èmi náà bá fajú ro.

Lọ́jọ́ kan, síìlì tí kì í jẹ́ kí òróró jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. A pa gbogbo ẹ̀rọ, a ń retí síìlì mìíràn láti Èkó. Mo bọ́ ìbotí. Mo gbọ́ omi tó ń lu òpó, nǹkan tí mi ò gbọ́ rí níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà yẹn nísàlẹ̀.

"Ọmọ òkè, kú uṣẹ́ o."

Kí n tó la ẹnu, ó ti ń dá sọ̀rọ̀ pé, "Kò ní dáhùn. Kì í dáhùn rí."

Mo fi àkàbà sáré sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sórí pákó tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Etí mi ló dí." Mo fi ìbotí hàn án. Ó fi bo etí ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní gbogbo wọn ti gbà pé ìgbéraga ló ń yọ ará òkè yìí lẹ́nu. Ará òkè ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a ti orí ilẹ̀ gbígbẹ wá.

Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó wa. Ó máa ń gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwọn, àti ọbẹ̀ ẹja wá, yóò jókòó tì mí títí n óò fi jẹ ẹ́ tán. Ó ní òkun ti gba ilé ìdáná òun, yàrá kan ló kù. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sókè, kò gbà. "Òkè kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ wa ọkọ̀ sí níbẹ̀?" Àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí mi. Ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń bẹ Ọlọ́run kí síìlì má tètè dé. Ó dé.

Mo sọ fún un pé mi ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, pé n óò máa juwọ́ sí i. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Èmi ni wo fẹ́ máa juwọ́ sí? Ẹgbẹ́ rẹ ni mí?" Mo bẹ̀ ẹ́. A wá fẹnu kò pé n óò máa dọ̀bálẹ̀. Bí mo bá ti rí orí ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè, mo ti nà sórí irin. Àwọn ará yàrá tútù ní orí mi ti dàrú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, à ń gbé iṣẹ́ fún pọ́ńpù kejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Èkó. A kì í dédé tan irú pọ́ńpù bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń ṣí fáàfù fún òróró gbígbóná, a ó sì máa fọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀, kí gbogbo ara rẹ̀ lè móoru bákan náà. Bí o bá fi í sílẹ̀ lágbede méjì, irin á há mọ́ irin. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ṣì ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan dé. Tìmùtìmù, ìkòkò àti abọ́ kún inú rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó láàárín, ọkùnrin kan tó jọ ọ́ gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ rọra dúró níwájú mi. Ìyá dìde, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó tún un sọ.

Mi ò lè fi fáàfù sílẹ̀ lọ bá a. Mo ṣe ohun tí a jọ ṣàdéhùn, mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo gbórí sókè, ó ti jókòó, ọkọ̀ sì ti ń lọ.

Nígbà tí ọlọ́kọ̀ tó gbé wọn lọ tún padà kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, mo bi í léèrè ohun tí Ìyá sọ.

Ó ní, "Orúkọ yín ló ń bèèrè. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ó máa pè yín bí òun bá ń gbàdúrà fún yín. Ẹ̀yin sì dọ̀bálẹ̀."

Mo sọ orúkọ mi fún un, mo ní kó bá mi sọ ọ́ fún Ìyá. Ó ní Igbókòdá ni òun já wọn sí, wọ́n wọ mọ́tò níbẹ̀, òun ò sì mọ ibi tí mọ́tò náà ń lọ.